Òwúrọ̀ Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbálẹ̀

Ní ọjọ́ ìkẹyìn tí èmi àti Àṣàkẹ́, ìyàwó mi, lò pọ̀, èékánná ni ó ní kí n bá òun gé. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orúnkún mi, mo sì ń gé e díẹ̀díẹ̀, torí pé kò fẹ́ kí n gé e wọ ẹran. Nígbà tí mo gé márùn-ún àkọ́kọ́ tán, ó ní ó ti rẹ òun, kí n fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó kọjú sí àjà yàrá, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè, ó sì bi mí bóyá mo rántí àjà pálọ̀ ilé wa ní Zaria, èyí tí òjò ya àmì bíi ràkúnmí sí ní igun kan. Mo ní mo rántí. Ó ní kì í ṣe ràkúnmí, pé àgbò ni. A ti ń ja iyàn yẹn láti ìgbà tí a wà ní ọmọ bí ọdún mẹ́wàá. Mo jẹ́ kí ó borí, nítorí kò ní èémí tí yóò fi jiyàn mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò bá a láyé. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ rántí rẹ̀, ilé ìwòsàn kọ́ ni ọkàn mi ń lọ. Ilé bàbá mi ló ń lọ, ní ọdún tí a tú àjà.

Ilé náà wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Wusasa. Bàbá àgbà mi, tó jẹ́ káfíńtà, ló fi bíríkì alámọ̀ kọ́ ọ, ó sì fi páànù bò ó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, fi páálí líle funfun kan ṣe àjà pálọ̀ àti yàrá méjì tí àwa ń sùn. Asibẹ́sítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ní àdúgbò tó jẹ́ pé ẹní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣe àjà, àwọn àlejò máa ń gbójú sókè wò ó kí wọ́n tó kí wa tán, Bàbá á sì ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ilé wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìpè àdúrà á ti wá láti apá ìlú, lẹ́yìn rẹ̀ agolo máírúwà, ọkùnrin tó ń ta omi kiri, tí wọ́n ń kọlu ara wọn lórí igi èjìká rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọlọ Màámi. Èso dóńgóyárò á máa já lu páànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè láti òkèèrè, Bàbá á sì wo aago ọwọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Kókó gbígbóná pẹ̀lú kósé, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe àkàrà, ni a fi ń jí. Tùwó àti ọbẹ̀ kúkà, èyí tí wọ́n ń fi ewé oṣè sè, ni a sábà fi ń sùn. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, máa ń ṣàlàyé fún wa nídìí oúnjẹ pé ọbẹ̀ kúkà kò lè dà bí ilá láéláé, lẹ́yìn náà á ní kí wọ́n bu díẹ̀ sí i fún òun.

Ìyá Àgbà ló ni òwúrọ̀ ilé wa. Láti Ọ̀fà ni wọ́n ti mú un wá sí Zaria ní ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nígbà tí mo fi gbọ́njú mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Haúsá ju bó ṣe pẹ́ nílé lọ, síbẹ̀ òfin Ọ̀fà ló fi ń ṣàkóso wa. Olórí òfin náà ni pé oòrùn kò gbọdọ̀ yọ bá ilẹ̀ tí a kò gbá. Tí o bá dọ̀bálẹ̀ kí i láìtíì gbálẹ̀, yóò wo ìsàlẹ̀, yóò ní, "Orí ìdọ̀tí lo ti ń kí mi yẹn." Ó ní ire tó bá dé ẹnu ọ̀nà tó bá ilé ní àìgbá, ilé kejì ló máa ń yà sí. Èmi ló ni pálọ̀ ní gbígbá, Àṣàkẹ́ ló ni iwájú ilé. Àṣàkẹ́ kì í ṣe ọmọ ilé wa. Ayálégbé ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà bíi tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó gba yàrá méjì lápá òsì lọ́wọ́ bàbá mi, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ó máa ń wá ní òpin oṣù. Haúsá dùn lẹ́nu Àṣàkẹ́ ju Yorùbá lọ. Tí agolo máírúwà kò bá kún, ó máa ń bá a jà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ń pè é ní ìyàwó ọba Zaria, òun náà á sì dáhùn pé òun kò fẹ́ ọba, pé ọba kò ní gbà kí òun máa gun igi máńgòrò. Ó yá ju mí lọ nínú ohun gbogbo, torí pé ikọ́ fée ń ṣe mí. Eruku díẹ̀ báyìí, àyà mi á máa súfèé bí ìkòkò omi lórí iná. Nígbà mìíràn tí mo bá ń gbá pálọ̀ lọ́wọ́, Àṣàkẹ́ á kàn wọlé, á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, á máa gbá a lọ. Ìyá Àgbà kò mọ̀, tàbí ó mọ̀ tí kò wí.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn kò wá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìjì ló ṣáájú rẹ̀. Ó ká páànù mẹ́ta kúrò lórí pálọ̀, omi sì wọ orí àjà. Ibẹ̀ ni ràkúnmí náà ti wá, tàbí àgbò. Páálí méjì fọ́, ọ̀kan sì rọ̀ wálẹ̀ bí ètè ẹni tó ń bínú. Bàbá ránṣẹ́ sí Málàm Sálísù, káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà mi. Ó gbójú sókè, ó mi orí, ó ní kí a jẹ́ kí òun fi òòlù fọ́ gbogbo rẹ̀ wálẹ̀, pé kí oòrùn tó kan àtàrí, òun á ti ṣe tán, kí a wá fi pátákó pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Inú àwa ọmọdé dùn, nítorí a mọ ohun tí à ń fi àfọ́kù irú páálí náà tó wà lẹ́yìn ilé ṣe. A máa ń fi kọ̀wé sára ògiri bíi ṣọ́ọ̀kì. A máa ń jù ú sínú iná Màámi kí ó lè dún gbàù, kí àwọn adìẹ sì fọ́n ká. Ìyá Àgbà pẹ̀lú ti ṣèlérí àwọn tí kò fọ́ fún aládùúgbò wa kan tó fẹ́ fi bo ilé adìẹ, torí pé lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní àlòkù tí kò fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, ahun ni.

Málàm Sálísù ti gbé òòlù sókè nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní kí Málàm jọ̀ọ́ dúró ná. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo. Ó yíjú sí bàbá mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Bó ṣe wà lókè yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Tó bá fọ́ ni eruku rẹ̀ ń jáde. Ní ìlú tí mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló máa ń kún wọ́ọ̀dù wa, géńdé ọkùnrin tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí kò wọ ilé iṣẹ́ náà rí. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló máa ń gbọ̀n kí ó tó fọ̀ ọ́."

Bàbá bi í léèrè ìgbà tí obìnrin náà gbọn aṣọ àti ìgbà tí àìsàn mú un. Ó ní ó tó ogún ọdún láàárín méjèèjì. "Eruku rẹ̀ kì í kánjú, sà," ó wí.

Bàbá jẹ́ ẹni ojú irin, ohun tó bá ti ní ìlànà máa ń wọ̀ ọ́ lára. Ó mú ìwé àti kálàmù, ó ní kí Màmá Nọ́ọ̀sì máa kà á, òun náà ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó fi ń kọ ìwé ọkọ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn pálọ̀. Gbogbo ẹrù gbọdọ̀ jáde, kí gbogbo ilé sì máa gbé ní ìta àti ní apá ti Màmá Nọ́ọ̀sì títí iṣẹ́ yóò fi parí. Kí wọ́n fi omi rẹ páálí dáadáa kí ọwọ́ tó kàn án. Ìṣó ni kí wọ́n yọ, kí páálí sọ̀kalẹ̀ ní odindi. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fi aṣọ tútù di imú, kí aṣọ tó fi ṣiṣẹ́ má sì wọlé bá aṣọ ẹlòmíràn. Inú omi ni kí ó bọ́ ọ sí. Páálí kankan kò ní lọ sí ilé adìẹ ẹnikẹ́ni. Kòtò jíjìn ni wọn yóò gbẹ́ lẹ́yìn ilé, wọn yóò dì wọ́n ní tapólì, wọn yóò sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni Bàbá fa ìlà sí nídìí: ìgbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ náà. Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni yóò fi àkísà tútù nù ún.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń gbọ́. Òjò kan ṣoṣo ṣì ni a tíì rí, kànga sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Omi máírúwà ni à ń mu. Ó ní, "Wọ́n ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Èyí tí Nọ́ọ̀sì ní kí a máa dà sí àjà yìí, ta ni yóò mu ún?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Màmá Nọ́ọ̀sì pàápàá. Ọ̀rọ̀ ilé adìẹ ló dùn ún jù. Ó ní ojú wo ni òun yóò fi wo aládùúgbò náà, kí ó gbọ́ pé ohun tí òun ṣèlérí, erùpẹ̀ ni òun fi jíǹkí. Àṣàkẹ́ ló tú gbogbo ìlànà náà sí Haúsá fún Málàm Sálísù, ó dúró síwájú rẹ̀ bí olùkọ́. Málàm ní eruku tí òun ti jẹ láti ìgbà tí òun ti mọ òòlù mú tó ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́wàá, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan. Àṣàkẹ́ ní kí ó fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, kí ó di imú rẹ̀. Ó dì í.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà, mi ò sì mọ ọjọ́ méjì mìíràn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìgbà èwe mi. Abẹ́ dóńgóyárò ni a tẹ́ ẹní sí. Màámi àti Màmá Nọ́ọ̀sì ń fi ìkòkò kan ṣoṣo dáná, gbogbo wa sì ń jẹun nínú àwo kan, ọmọ onílé àti ọmọ ayálégbé. Láti inú ilé, à ń gbọ́ omi tó ń já bọ́ láti àjà, a sì ń gbọ́ igbe ìṣó nígbà tí wọ́n bá fà á yọ, lẹ́yìn náà ohùn Málàm Sálísù láti inú aṣọ tó fi di imú, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Páálí kọ̀ọ̀kan ń jáde ní títutù, ọkùnrin méjì gbé e bí ẹni gbé aláìsàn. Èmi àti Àṣàkẹ́ jókòó níbi tí wọ́n ní kí a jókòó sí, à ń ka páálí, à ń jiyàn lórí ràkúnmí náà títí tí òun pẹ̀lú fi kọjá lọ sí kòtò. Mo ti wọ àwọn ilé tó lẹ́wà láti ìgbà náà. Tí wọ́n bá ní kí n yan ibi tí n óò padà sí fún wákàtí kan, orí ẹní yẹn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, páálí tó kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ ní pálọ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, Màmá Nọ́ọ̀sì kò sì lè nù ún lálẹ́ yẹn; iṣẹ́ àárọ̀ ló ní ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọ pálọ̀ títí òun yóò fi dé ní ọ̀sán. Ó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ lọ́tọ̀, ó fa etí rẹ̀ díẹ̀, torí ó mọ irú ọmọ tí òun bí. Ìyá Àgbà ní, "Tó." Haúsá ni, ó máa ń lò ó nígbà tí kò bá gbà tí kò sì fẹ́ jiyàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi tí wọ́n dà sílẹ̀ ti gbẹ. Bàbá ti lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, Màámi ti lọ lọ ẹ̀wà. Ìyá Àgbà jáde sí àgbàlá, ó wo ilẹ̀kùn pálọ̀ tó pa dé, ó wo oòrùn tó ti ń yọ. Ó ti fara da òwúrọ̀ méjì tí kò sẹ́ni tó gbá ilé rẹ̀. Kò lè fara da ẹ̀kẹta. Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. Mo ní Màmá Nọ́ọ̀sì ní a kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ló ni àìsàn," ó wí, "èmi ni mo ni ilé. Gbá a, Àjàní, kí n lè gba ìkíni rẹ." Ó sì kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti tú adìẹ sílẹ̀. Kò bínú. Ire ilé wa ni ó ń dáàbò bò. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ka èyí pé ẹni tó fẹ́ràn mi jù láyé ni.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì dúró lójú ọ̀nà. Páálí díẹ̀ ti rún sílẹ̀ níbi tí àwọn àfọ́kù ti já bọ́, ó dà bí èlùbọ́ tó dànù. Kí n tó gbé ẹsẹ̀, àyà mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé fún ìbẹ̀rù lásán. Àṣàkẹ́ ti iwájú ilé wá, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi bó ṣe máa ń gbà á. Ó ní, "Lọ jókòó. Tó o bá wọ ibẹ̀, wàá kú, wọ́n á wá ní kí n máa gbá tìrẹ títí ayé." Mo lè fa ìgbálẹ̀ náà padà. Mo lè pariwo pe Ìyá Àgbà. Mo lọ jókòó. Láti abẹ́ igi, mo ń wo ojú fèrèsé: oòrùn ń gba ibi tí páànù ti ṣí wọlé, eruku sì dìde sínú rẹ̀, ó ń dán wínní-wínní, ó lọ́ra láti bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí Àṣàkẹ́ jáde, orí rẹ̀ ti funfun. Ó tẹ̀ba, ó fi ìgbálẹ̀ ṣe ọ̀pá, ó rìn bíi Ìyá Àgbà kọjá níwájú mi, ó ní kí n kí òun dáadáa. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi ìdajì igbá omi tó kù nílé fọ orí rẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì dé ní ọ̀sán, ó rí ipa ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó gbá a. Ìyá Àgbà ní òun ló ní kí Àjàní gbá a, pé ilé kì í sùn ní àìgbá lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá Nọ́ọ̀sì kò lè bá àgbà jiyàn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni, Àjàní?" Mo wo Àṣàkẹ́. Ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó mi orí díẹ̀ báyìí, pé kí n má sọ. Ẹgba ló ń bẹ̀rù. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Bí ó ṣe jẹ́ pé èmi ni wọ́n bọ́ láṣọ nìyẹn. Èmi ni Màmá Nọ́ọ̀sì wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó fi omi iyọ̀ fọ imú fún, tí wọ́n fá lórí, tí wọ́n ri aṣọ mi mọ́lẹ̀ nínú kòtò pẹ̀lú páálí. Fún bí ọdún kan, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń pè mí sí yàrá rẹ̀, á fi ẹ̀rọ rẹ̀ sí àyà mi àti ẹ̀yìn mi, á ní kí n mí, á gbọ́ títí, á sì fún mi ní ẹyin sísè kan. Ó dùn mọ́ mi. Ìfẹ́ kí wọ́n má na Àṣàkẹ́ ló jẹ́ kí n purọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó jẹ́ kí n máa bá a lọ, n kò lè fi ìyẹn pè é. Àṣàkẹ́ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró dè mí. Ní ìta, mo máa ń bu ẹyin náà sí méjì. Ìyá Àgbà kò tún ní kí n gbálẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ó kàn máa ń wá sí ibi tí mo sùn sí kí ilẹ̀ tó mọ́, á gbé ọwọ́ lé àyà mi, á sì lọ gbá pálọ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti wọ́n omi sí i.

A dàgbà, a fẹ́ ara wa, a bí ọmọ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà láàárín wa. Tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, á ní kí n san ìdajì ẹyin tó kù. Ikọ́ fée fi mí sílẹ̀ kí n tó pé ogún ọdún. Nígbà tí ikọ́ mú òun, tí omi sì ń gbára jọ ní àyà rẹ̀, dókítà bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí eruku asibẹ́sítọ̀ wà. Ó ní rárá, olùkọ́ ni òun. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀, ó wò mí, ó ní, "Má bẹ̀rẹ̀, Àjàní. Àwa méjèèjì la fi ṣe ṣọ́ọ̀kì. Àwa méjèèjì la jù ú síná. Dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tó fà á." Òótọ́ ni, dókítà kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú àwa ọmọ méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀.

Òbí kì í dé ibi ìsìnkú ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà Màmá Nọ́ọ̀sì kò wá. Ó ti pẹ́ tó ti darúgbó sí Ọ̀fà. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, n kò ṣe nǹkan kan fúnra mi. Àwọn ọmọ ń se oúnjẹ, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń fọ aṣọ, ẹlòmíràn ló ń wa ọkọ̀ fún mi. Àṣàkẹ́ ló máa ń lọ kí ìyá rẹ̀, òun ló mọ ohun tí à ń rà lọ, òun ló mọ ìgbà tí à ń lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo di báàgì kan, mo wọ ọkọ̀ mi, mo sì wà á lọ sí Ọ̀fà.

Wọ́n gbé àga síta fún ìyá. Mo dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ wá èjìká mi rí, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n fún mi lómi tán tí wọ́n sì fi wá sílẹ̀, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín: ìgbálẹ̀, irọ́ tí mo pa, ẹyin ọjọ́ Ìsinmi. N kò tọrọ àforíjì, nítorí n kò fẹ́ fi dandan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Ṣé ó gbá a mọ́?" ó bèèrè.

Mo ní, "Ó gbá a mọ́, mà. Ó gbá a mọ́ ju bí mo ṣe ń gbá a lọ."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n tún un sọ fún òun, láti ibi tí ọmọ òun ti iwájú ilé wá. Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, mo sì bẹ̀rẹ̀.